Làálàá Kì í Ṣe Eré: Àgbéyẹ̀wò Ìdárayá àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn, láti Òde-Ìrèlè

Ní àárín oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ìlú kan nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, kò sì ní pẹ́ tí wọ́n á fi dákẹ́. Ó lé ní èèyàn 15 tó lọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀rù Ebola ọdún 2014 ò tíì kúrò lára ará Nàìjíríà, nítorí náà ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn oníròyìn òkè òkun ti ń pe orúkọ ìlú náà. Nílé, ọ̀pọ̀ ló gbà pé òrìṣà Malòkun ló ń bínú, pé àwọn kan já wọ ojúbọ rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakòríko. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, ni wọ́n tó rí i pé methanol ni, májèlé tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Òfin dé, òfin lọ, ògógóró ṣì wà ní ìsọ̀.

Gbogbo èèyàn ló béèrè ohun tó wà nínú ìgò. Ìwọ̀nba ló béèrè ohun tó ń gbé ọwọ́ lọ sídìí ìgò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń mu ògógóró ló ń sá fún ìbànújẹ́ o; ọtí ìkómọ ni, ọtí ìsìnkú ni, òun náà ni wọ́n fi ń ta àwọn babańlá lọ́rẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó rí lẹ́bàá ìyá tó ń ta páraga láàárọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn oníṣẹ́ tó lọ síṣẹ́, yóò ti gbọ́ ọ tí ẹnì kan ń sọ pé kí wọ́n da méjì sí i, kí òun fi pa ìrònú. Ní ìlú bí Òde-Ìrèlè, ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo ní ọtí, ó ní pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ó ní oníṣègùn, bí owó bá sì wà, ó ní ilé ìwòsàn. Ìdárayá kì í sí lára ohun tí wọ́n ń kà fún un. Bí dókítà orí rédíò bá sì dárúkọ rẹ̀, pé kí èèyàn máa rìn, kó máa sáré díẹ̀, kó máa na ara, ẹ̀rín ni yóò fi pa àwọn tó ń gbọ́. Èèyàn tó ti ń kọ ẹyìn láti àárọ̀, ìdárayá wo ló tún kù fún un?

Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìbéèrè gidi wà nínú rẹ̀. Bí ara tó ń ṣiṣẹ́ bá ń wo ọkàn sàn, kò yẹ kí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ ọ̀nà ilẹ̀ Ìkálẹ̀ rárá. Ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ bá àwọn àgbàlagbà ẹni ọdún 65 sókè nílé wọn ní 2003 sí 2004, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Oǹdó wà lára wọn. Ó lé ní 2,000 èèyàn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi méje ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó tó àìsàn ti bá jà láàárín oṣù 12 tó ṣáájú, ó sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo wọn tó ti rí i rí láyé wọn. Ìran tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko, tó fi orí ru ẹrù bọ̀ wálé ni àwọn wọ̀nyí. Ìwádìí mìíràn tí àwọn ará Ìbàdàn kan náà ṣe ní sáà yẹn, tó kárí apá púpọ̀ ní Nàìjíríà, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà lọ́dún kan, bíi mẹ́jọ péré ló rí ìtọ́jú kankan gbà.

Ní òkè òkun, ẹ̀rí ti pọ̀ débi pé kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èyí tó lókìkí jù ni ti James Blumenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke, Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1999. Èèyàn 156 ni wọ́n kó jọ, ẹni 50 ọdún sókè, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn sertraline, wọ́n ní kí àwọn kan máa rìn kíákíá tàbí kí wọ́n máa sáré lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn yòókù ń ṣe méjèèjì pọ̀. Oògùn ló kọ́kọ́ yá, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ 16, ọ̀kan ò ju ọ̀kan lọ. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ìtọ́jú parí, wọ́n padà lọ wò wọ́n, àìsàn náà sì ti padà sára àwọn tó lo oògùn nìkan ju àwọn tó ń rìn lọ.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ti gorí iṣẹ́. Ní Norway, wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà bíi 34,000 fún ọdún 11, àwọn tí ara wọn dá nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Samuel Harvey àti àwọn tó bá a ṣe é kọ ọ́ ní 2018 pé ká ní gbogbo wọn fi wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ṣe ìdárayá ni, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó wáyé ì bá má wáyé. Kò sì sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń làágùn yọ̀bọ̀ àti ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́. Ní 2022, àwọn ará Cambridge kó ìwádìí 15 pọ̀, èèyàn tó lé ní 190,000. Wọ́n fi ẹni tí kì í ṣe ìdárayá kankan wé ẹni tó ń rìn kíákíá fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀, wọ́n sì rí i pé ewu ti ẹni kejì fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Fún wákàtí méjì ààbọ̀, ó di ìdá 25. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ló lérè jù. Ẹni tó kúrò lórí òfo bọ́ sórí díẹ̀ jèrè ju ẹni tó kúrò lórí púpọ̀ bọ́ sórí púpọ̀ sí i.

Èyí kò sọ pé gbogbo rẹ̀ gún régé. Ní ìlú Bristol àti Exeter ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n yan olùgbani-níyànjú fún àwọn aláìsàn kan nínú èèyàn 361, kí ó máa rọ̀ wọ́n láti ṣe ìdárayá, kí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2012: àwọn èèyàn náà rìn sí i, ọkàn wọn ò sì fúyẹ́ ju ti àwọn tó kù lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn Cochrane, tí iṣẹ́ wọn ni láti máa da ìwádìí pọ̀ kí wọ́n sì yọ ìyàngbò kúrò, wo ìdánwò 39. Wọ́n ní ìdárayá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú àwọn tí wọ́n ṣe dáadáa jù nìkan, agbára rẹ̀ á joro. A lè fi ìyẹ̀fun lásán sínú kóró oògùn kí aláìsàn má mọ̀; ta ló lè sáré kó má mọ̀ pé òun ń sáré? Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń gba nǹkan tó yẹ kó wo òun sàn, ọkàn rẹ̀ ti dìde díẹ̀ ná. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìdánwò wọ̀nyí ni wọn ò sì ṣe nítòsí wa. Àwọn tó ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n dìde rìn. Wọn ò ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti oko dìde.

Ní ti ohun tí ìdárayá ń ṣe nínú ara, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Gbogbo olùkọ́ kíp-fít ló ń dárúkọ endorphin. Òótọ́ ni pé àwọn ará Jámánì ya àwòrán ọpọlọ asáré mẹ́wàá ní 2008, wọ́n sì rí ipa rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2021 àwọn ará Jámánì mìíràn fún àwọn asáré ní oògùn tó ń dí ọ̀nà mọ́ endorphin, ayọ̀ àwọn asáré náà ò sì yingin. Nǹkan mìíràn tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó jọ èyí tó wà nínú igbó tí àwọn kan ń mu, ni wọ́n wá ń fura sí báyìí. Ní Amẹ́ríkà, Kirk Erickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú àgbàlagbà 120, ìdajì wọn rìn fún ọdún kan, apá ọpọlọ wọn tó ń tọ́jú ìrántí sì tóbi sí i ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti àwọn yòókù ń súnkì. Fi oorun tó dára kún un, fi ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kún un. Mi ò rò pé okùn kan ṣoṣo ló fa ọkàn jáde nínú kòtò.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ akọ̀yìn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọ̀pẹ. Láti ayé àwọn bàbá wa ni àwọn ará Urhobo ti ń ṣí wá sí agbègbè Òkìtìpupa nítorí ọ̀pẹ rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n Onigu Otite sì kọ̀wé lé wọn lórí. Ẹ wo ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ó fi igbà yí igi àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ ká, ó so ó. Ó fẹ̀yìn ti igbà, ó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ara ọ̀pẹ, ó tún igbà jù sókè, ó gbé ẹsẹ̀, ó tún jù ú. Lókè, ọwọ́ kan di igbà mú, ọwọ́ kejì ń fi àdá gé imọ̀ọ̀pẹ kúrò lójú ọ̀nà, kí ìdì ẹyìn tó já bọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ sí ìdí òmíràn. Ibi ìdárayá olówó ńlá kankan ní Lekki ò ní irinṣẹ́ tó lè fún iṣan ẹ̀yìn àti itan ní irú iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ lókè níbẹ̀? Òjò àná ti mú kí ara igi yọ̀. Igi kì í ṣe tirẹ̀. Ìdì ẹyìn mélòó ni olóko yóò kà sí i lọ́wọ́, èló ni yóò fi san owó iléèwé? Bó bá yọ̀ ṣubú, ta ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn? Iṣan ń ṣiṣẹ́, ọkàn náà ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe sì pọ̀ ju ti iṣan lọ.

Ní 2017, Rhiannon White àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ò rò láti ṣe: wọn ò kàn ka ìṣẹ́jú tí ara fi ń mì, wọ́n béèrè ibi tó ti ń mì àti ìdí rẹ̀. Wọ́n da ìwádìí tó fẹ́ẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún pọ̀. Ẹni tó ń ṣe ìdárayá ní àsìkò ìgbafẹ́, ọkàn rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Ẹni tó ń rìn lọ sí ibi tó ń lọ, ó dára fún un. Iṣẹ́ ilé ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan kan, ì báà jẹ́ rere ì báà jẹ́ búburú. Ní ti làálàá ibi iṣẹ́, bó ṣe ń pọ̀ sí i ni àárẹ̀ ọkàn ń bá a rìn pọ̀. Ara kan náà, òógùn kan náà, àbájáde méjì. Akọ̀yìn tó fi dókítà orí rédíò rẹ́rìn-ín kò jẹ̀bi nígbà náà. Dókítà náà ò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Mo ti rí irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí ní ibi ìtọ́jú aláboyún àti àgbàlagbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nọ́ọ̀sì á ní, "Màmá, ẹ máa rìn díẹ̀ láràárọ̀, ara yín á fúyẹ́." Màmá á wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, níbo lo rò pé mo ti ń bọ̀? Ṣé orí ọ̀kadà ni mo ti hú ẹ̀gẹ́ wá?" Gbogbo ibẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì á kọ oògùn ara ríro fún un, ó parí. Màmá yìí ti bẹ ẹ̀gẹ́, ó ti rẹ ẹ́, ó ti fún un, ó ti mọ ọ́n bíi bọ́ọ̀lù, ó ti tò ó sórí èéfín kó lè di púpurù; tàbí kó jẹ́ pé orí àpótí ló wà, ojú sí iná, ó ń yan gààrí nínú agbada láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, èéfín ń ta á lójú. Ó ń rìn, ó ń tẹ̀, ó ń na ọwọ́. Ìbéèrè tí ì bá dára kí nọ́ọ̀sì bi í ni: "Màmá, ìgbà wo lẹ jó kẹ́yìn?"

Ohun tí mo rí nínú gbogbo ẹ̀rí yìí ni pé ìṣípòpadà ara ń wo ọkàn nígbà tí ó bá jẹ́ tìrẹ: nígbà tí o lè dáwọ́ dúró bó bá wù ọ́, tí kò sí ẹni tó ń ka ìdì ẹyìn sí ọ lọ́wọ́, tí àwọn tí o fẹ́ràn wà nítòsí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní iṣẹ́ ilé náà ń ṣe ìwọ̀nba. Bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí Adam Chekroud àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò ìdáhùn ará Amẹ́ríkà mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ní 2018, kódà gbígbálẹ̀ àti fífọṣọ bá ọjọ́ ìbànújẹ́ tó dín díẹ̀ rìn. Lápapọ̀, àwọn tó ń ṣe ìdárayá ní ọjọ́ ìdààmú ọkàn tó fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kì í ṣe é. Ṣùgbọ́n ta ló wà lókè pátápátá? Àwọn tó ń ṣeré nínú ẹgbẹ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti irú wọn. Àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ ṣe é láìsinmi, tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí pa ara wọn, ọkàn wọn ò dára tó ti àwọn tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta sí márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi 45. Àní eré náà, bó bá ti di làálàá, ó ti bàjẹ́.

Bó bá wá jẹ́ eré ni, ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kì í ṣe akúṣẹ̀ẹ́. Ta ló gbọ́ Bírípò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yọ? Ijó tí ìbàdí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni, tí orúnkún ń tẹ̀, tí ẹni tó ń jó kì í dá wà. Àwọn tó kù ń lé, wọ́n ń gbè. Comfort Ọmọ́gè, tó sọ orin Àsìkò Ìkálẹ̀ di ohun tí wọ́n ń gbé sórí àwo tí wọ́n sì ń tà káàkiri, kò kọ ọ́ fún ìjókòó. Ní 2024, Michael Noetel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da ìdánwò 218 pọ̀, èèyàn tó lé ní 14,000 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà, wọ́n fi rírìn, sísáré, gbígbé nǹkan wúwo, yoga àti ijó wéra. Gbogbo wọn ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Ijó ni ipa rẹ̀ tóbi jù, àmọ́ ìdánwò orí ijó ò pọ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà mi ò ní máa fi ìyẹn lu àgbá. Ó tó fún mi pé ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi ìwọ̀n wọ̀n ní òkè òkun wà nílé láìsanwó.

Bẹ́ẹ̀ àǹfààní rẹ̀ ń dín kù. Kí ọ̀kadà tó gba ìlú, àbúrò ń fẹsẹ̀ rìn lọ kí ẹ̀gbọ́n ní àdúgbò kejì lálẹ́, wọ́n á máa najú, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lọ. Báyìí, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀kadà ni. Bí òṣùpá bá lé, fóònù ló ń tàn lójú àwọn ọmọ. Ìjàkadì ti di ohun tí wọ́n ń rí nínú fíìmù. Bọ́ọ̀lù nìkan ló dúró gbọn-in, ní pápá iléèwé ní ìrọ̀lẹ́ àti lójú títì tó bá ti dá ní ọjọ́ ìmọ́tótó tàbí ọjọ́ ìbò, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń gbá a. Ọkùnrin ogójì ọdún lè wọ ṣòkòtò péńpé kó bá àwọn ọmọdé gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, wọ́n á máa pè é ní Jay-Jay Okocha, wọ́n á máa ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin ogójì ọdún tó bá fò tẹn-tẹ́n lójú pópó, wọ́n á ní kí wọ́n lọ wo orí ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ibi tí obìnrin ti lè ju ẹsẹ̀ láìsí ẹni tó máa wí nǹkan kan kò ju òde àríyá àti ìlà ìdúpẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Mo rò pé ìyẹn wà lára ìdí tí ijó ìdúpẹ́ fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá sì rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ yìí, kó rántí Árò. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbà pé kò yẹ kí àwọn aláìsàn ti sẹ́ẹ̀lì bọ́ sí sẹ́ẹ̀lì. Ó kó wọn lọ sí àwọn abúlé tó yí Árò ká ní Abẹ́òkúta, ẹbí kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé aláìsàn rẹ̀, wọ́n gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé. Wọ́n ń gba oògùn òyìnbó ní ilé ìwòsàn, wọ́n á padà wá bá olóko roko, wọ́n á bá wọn jó nígbà ọdún. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ da àlàyé mi rú: iṣẹ́ oko ni, kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko tí oúnjẹ ọmọ ò rọ̀ mọ́ ni, tí ẹni tó ń ṣe é lè sọ pé ó ti tó fún òní, tí àwọn èèyàn yí i ká tí wọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Bí ẹrù ìgbọ́bùkátà bá kúrò lórí iṣẹ́, iṣẹ́ náà lè di ìtọ́jú. Ìyẹn mú kí n rò pé ohun tó ń pa akọ̀yìn lọ́kàn kì í ṣe gígun ọ̀pẹ fúnra rẹ̀.

Ìdárayá ní ààlà, àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sì í fẹ́ sọ ọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le kì í jẹ́ kí èèyàn dìde lórí ẹní. Ẹni tí wíwẹ̀ gan-an ti sú, bí ẹ bá ní kó lọ sáré, ẹ ti fi ẹ̀bi kún àìsàn rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ nínú ilé ara rẹ̀. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tó ń sunkún láìdáwọ́ dúró, ẹni tó ń sọ pé kò sí ohun tí òun ń ṣe láyé mọ́, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́: ilé ìwòsàn ni, kíá, kì í ṣe pápá. Àwọn kan ò tilẹ̀ ní sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní nǹkan ń rìn lórí àwọn, orí ń gbóná, ooru ń mú àwọn. Ní 1987, Roger Makanjúọlá kọ̀wé lórí àwọn aláìsàn tó ń pe tiwọn ní ọdẹ orí; ìbànújẹ́ àti àìbalẹ̀ ọkàn ló wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí irú wọn bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó ń wá ibà nìkan, oògùn ibà ni wọn yóò gbé lọ sílé. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023 rọ́pò èyí tó ń pè wọ́n ní wèrè láti ayé òyìnbó, ṣùgbọ́n láti Òde-Ìrèlè, ọ̀nà ṣì jìn dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ní Oǹdó tàbí Àkúrẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru náà ní láti ṣe àyẹ̀wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ẹni tí kò jẹun kánú ò sì gbọ́dọ̀ máa ṣe ìdárayá lórí ebi.

Fún àwọn tó kù, tí wọ́n sì pọ̀, tí ọkàn wọn kàn wúwo, tí oorun wọn ò dán mọ́rán, tí inú ń tètè bí, kí ni ká ṣe? Ní 2022, NICE, àjọ tó ń sọ fún àwọn dókítà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n ṣe máa tọ́jú àìsàn, fi ìdárayá ẹgbẹ́ sára ohun tí wọ́n lè kọ́kọ́ fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn rẹ̀ kò tíì le. Wọ́n tilẹ̀ to bó ṣe máa rí: bíi èèyàn mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ kan, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tí mo kà á, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn obìnrin tó ń múra ijó sílẹ̀ de ayẹyẹ ìlú, tí wọ́n á máa pàdé ní ìrọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ayẹyẹ bá ti kọjá, ìpàdé náà á túká títí di ọdún tó ń bọ̀. Kí ló dé tí kò lè máa bá a lọ?

Ẹgbẹ́ kò wọ́n wa. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wà, ẹgbẹ́ alájọ wà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wà, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà wà. Ìpàdé wọn ni ìjókòó wákàtí méjì mẹ́ta lórí àga oníke, pẹ̀lú màlútì tàbí ọtí, àríyànjiyàn owó ìtanràn, ká tó wá jó díẹ̀ lópin ọdún. Kí wọ́n fi ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ rìn yí àdúgbò ká, kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ ìpàdé lọ lẹ́nu ìrìn. Kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí àwọn ọkùnrin tó ń pàdé nídìí páraga lọ gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó wá mu ún. Mi ò lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má mu, wọn ò ní gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti làágùn tó sì ti rẹ́rìn-ín kì í fi ìkánjú mu bí ẹni tó jókòó láti ọ̀sán.

Ti obìnrin ló ṣòro jù. Kò nílò bàtà asáré, kò nílò pápá, ijó náà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wákàtí kan tó jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ni kò ní. Kí ó tó ní in, ọkọ rẹ̀ ní láti gbà pé kì í ṣe ìrìnkurìn ló ń rìn, ẹnì kan nínú ilé náà sì ní láti gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ kó máa bá a yan gààrí tó wà lórí iná. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọkọ fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.